Ẹnjiníà Tó Ń Fi Etí Yẹ Ẹ̀rọ Wò

"Ẹnu mélòó lẹ rí níbẹ̀?"

Pírínsípà ló ń bi Màmá tó ni ilé ìtẹ̀wé wa bẹ́ẹ̀. Ó na ìwé sí Màmá lójú, ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú ẹ̀.

Màmá wo ìwé náà títí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tún gbé e jìnnà sójú díẹ̀. "Ẹnu kan ni, sà. Ìkejì yẹn, òjìji ẹ̀ ni."

"Irú òjìji wo ló máa ń pupa?"

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀. Fọ́tò Pírínsípà fúnra ẹ̀ la tẹ̀ sí èèpo ìwé náà, ìwé kíkà tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tí wọ́n bá wọlé. Ojú ẹ̀ wà níbi tójú ń wà. Àmọ́ àwọ̀ pupa tó yẹ kó wà ní ètè ti ṣí lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Táì ẹ̀ ti kúrò lọ́rùn, ó wà léjìká bí okùn báàgì. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá wúkọ́ lásán àwọn ọmọ á sá wọ kíláàsì, òun ló wá ń fi ẹnu méjì rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ó ní òun á fún wa láǹfààní ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ká tẹ ìwé tó kù. Bí èyí náà bá tún wọ́, òun á kó iṣẹ́ òun lọ sílé ìtẹ̀wé míì, ó di gbére. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yẹn o. Àwọn iṣẹ́ yòókù tá à ń ṣe, káàdì ìpè àti rìsíìtì, iyọ̀ ni. Iṣẹ́ Pírínsípà lọbẹ̀. Ẹni tó ní iyọ̀ nìkan nílé, ẹ bá mi bi í ohun tó fẹ́ sè.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ọkọ ọmọ Màmá fi tinú ọ́fíìsì jáde, nínú aṣọ funfun láúláú. Ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹnjiníà kì í wà nílé ìtẹ̀wé kórí Pírínsípà wọ́."

Pírínsípà wo ìwé, ó wo òun náà. "Ó ti wọ́."

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Èmi ni mò ń di ìwé nílé ìtẹ̀wé yẹn, èmi ni mò ń gán an, èmi ni mò ń lẹ̀ ẹ́. Tábìlì mi ò jìnnà sẹ́nu ọ̀nà, kò sóhun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí ò kọjá lójú mi.

Àìsàn ọkùnrin yìí ni pé ó gbà pé etí òun lágbára ju ojú gbogbo ayé lọ. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹni tó gbọ́n á wò ó, á fọwọ́ kàn án, á tú u. Òun kọ́. Òun á gbé etí lé e, á dijú, á ní ẹ̀rọ ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó lòun ti kọ́ ọ, lára ẹ̀rọ tó ga ju ilé alájà méjì lọ. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé rédíò ló ń tún ṣe kó tó fẹ́ ọmọ Màmá. Gbogbo rédíò tó tún ṣe, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Bóyá wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un ni.

Ẹnjiníà Etí là ń pè é. Ó rò pé oríkì ni.

Ká ní òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni, a ò bá ti ní kó lọ jókòó. Àmọ́ àna ni. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a kì í bú àna ẹni níta, a kì í sì í bú u nílé. Màmá tó máa ń lé agbowó-orí jáde bí ẹni ń lé adìẹ, tó bá ti kan ọkọ ọmọ ẹ̀, ohùn ẹ̀ á rọ̀ bí òwú. Òun náà mọ bá a ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá. Àmọ́ funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, ó ní ẹni tó bá mọṣẹ́ dójú àmì ò ní í kan íǹkì. Nítorí náà, á kọ́kọ́ fa bébà kan yọ, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á wá dọ̀bálẹ̀ lé e. Bébà tó yẹ ká fi tẹ̀wé, òun fi ń kí ìyá ìyàwó.

Ohun tó kọ́kọ́ béèrè nígbà tí Màmá fún un ní ọ́fíìsì ni ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ní irú ọpọlọ tòun, a kì í sè é. Màmá rà á. Ẹni tó fẹ́ bá wọn gbé e sára ògiri dé, Ẹnjiníà ní kó máa padà lọ, pé kí ló mọ̀. Òun fúnra ẹ̀ lu ògiri, òun fúnra ẹ̀ ti ọ̀pá omi ẹ̀ gba inú ihò. Ó nu ọwọ́, ó wò wá lójú, ó ní, "Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù." Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òwe yẹn ń wá níbẹ̀.

Inú Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ dùn sí amúlétutù yẹn ju ẹni tó ni ín lọ. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ló ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún wa, orúkọ ẹ̀ sì ti sọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì Ẹnjiníà ni yàrá tá à ń kó bébà sí. Láti ìgbà tí amúlétutù ti dé, yàrá yẹn tutù bí inú àmù. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ti ń lọ sùn lọ́sàn-án, á fẹ̀yìn ti bébà, á máa hanrun.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tá a ní nígbà náà, Bàbá Àgbà là ń pè é. Ọkọ Màmá ló fi í sílẹ̀ kó tó kú. Àwọ̀ kan ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tá a bá fẹ́ tẹ fọ́tò aláwọ̀ mèremère, bébà kan náà á wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì bọ́ lé èkejì lórí géérégé. Bí bébà bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun yẹ̀, ètè á kúrò lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, ètè ò kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Àfi lójijì tí etí bébà bẹ̀rẹ̀ sí í ká, tí bébà méjì ń dì mọ́ra wọnú ẹ̀rọ, tí Pírínsípà wá di ẹlẹ́nu méjì.

Ká padà sọ́jọ́ tí mò ń sọ. Ẹnjiníà ní kí gbogbo wa dá èémí dúró. A dá a dúró. Pírínsípà náà dá a dúró. Ó gbé etí lé Bàbá Àgbà, ó dijú, ó ń mi orí bíi dókítà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú fún ẹbí. Nígbà tó máa fi gbé orí sókè, etí ẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, íǹkì ti gbà á dé àgbọ̀n. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àna ni.

"Ọkàn ẹ̀ ti kú," ló wí. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, àmọ́ èmi mọ èyí tínú ń run."

Ó ní ká gbé e kúrò, ká ra ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ mẹ́rin pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá bi í bóyá a ò lè tún èyí ṣe. Ó ní ṣé Màmá fẹ́ kóun máa po oògùn fún òkú ni. Màmá fọwọ́ pa Bàbá Àgbà lára.

"Ẹ̀rọ yìí ló tọ́ ìyàwó yín dàgbà o."

Ẹnjiníà ní ìdí nìyẹn tó fi rẹ̀ ẹ́, pé ìyàwó òun mọ oúnjẹ ẹ́ jẹ.

Ó yẹ kí Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ tuntun ní bọ́tìnnì, pé èèyàn lè jókòó máa tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun náà ti ń gbọ́ ọkàn ẹ̀ tipẹ́, òun kàn ń dákẹ́ ni.

Báyìí ni Màmá ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ẹ̀. Oníṣòwò ẹ̀rọ á gba Bàbá Àgbà, Màmá á fi owó ọkọ̀ kún un, ẹ̀rọ tuntun á wọlé.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ lọ yan ẹ̀rọ, Màmá mú ríìmù bébà kan látinú yàrá bébà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní bébà téèyàn ń lò nílé ló fi ń dán ẹ̀rọ wò níta, kó má lọ jẹ́ pé tó bá délé tán ló máa kọ oúnjẹ. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ló wí.

Ẹnjiníà gba ríìmù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ní ká kó ròde, Màmá, wọn ò ní ká kó bébà. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé etí mi ò tó ni?"

Màmá wo ríìmù, ó wo àna ẹ̀, ó sì jáde síta. Ẹ fi ríìmù yẹn sọ́kàn. Òun nìkan ló lè gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló sì wà.

Inú gbọ̀ngàn ńlá kan la ti bá oníṣòwò náà. Àwọn ẹ̀rọ tò lọ bí èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, kò sì sí èyí tí wọ́n tàn nínú wọn. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò mú wáyà iná dání, ó ní kóun tàn án ká lè rí bó ṣe ń tẹ̀wé.

"Má tàn án," ni Ẹnjiníà wí. "Mo ti ń gbọ́ ọ."

Oníṣòwò wo wáyà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

Nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ tó kángun sí ògiri, Ẹnjiníà na ìka sókè. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ wẹ́lowẹ́lo. Èyí gan-an ni."

Mo yọjú sẹ́yìn ògiri. Fíríìjì oníṣòwò ló ń lọ wẹ́lowẹ́lo. Mo sọ ọ́ sí Màmá létí. Màmá ní kí n panu mọ́, pé ṣé mo fẹ́ kí wọ́n dá ọmọ òun padà sílé ni. Oníṣòwò ní tiẹ̀ ní látọjọ́ tóun ti ń ta ẹ̀rọ, òun ò tíì rí irú etí bẹ́ẹ̀ rí. Kò purọ́.

Wọ́n gbé tuntun dé, wọ́n gbé Bàbá Àgbà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ náà fi yà sí òpópónà kejì. Ó ní èéfín ọkọ̀ ló wọ òun lójú.

Ẹ̀rọ tuntun ń dán bí àwo. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ gúnwà sórí àga, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ gbé bébà kan mì, ó gbé òmíràn, ó gbé méjì pọ̀, ó ké píìì, ó dúró. Bọ̀dá tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ké píìì. Èyí tó bá sì ráyè jáde, á hunjọ bí ojú arúgbó, ètè ò dúró sẹ́nu, íǹkì ò sì gbẹ. Èyí tá a tẹ̀ láàárọ̀, oòrùn á wọ̀, ó ṣì ń rin.

Ẹnjiníà gbé etí lé e. Ó ní ìyàwó tuntun ni, ojú ló ń tì í. Ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ebi íǹkì ló ń pa á, ká bù sí i fún un. A bù sí i. Ohun tó ń jáde wá di ẹrẹ̀.

Ọjọ́ tí Pírínsípà máa wá gba iṣẹ́ ẹ̀ pé. Ó mú tíṣà méjì dání. A kó èyí tó dáa jù nínú búburú sórí tábìlì. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ti kó ríìmù díẹ̀ jáde látinú yàrá bébà láàárọ̀, ó tò wọ́n jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Màmá ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ẹnjiníà wá jáde. Funfun ọjọ́ yẹn tún le ju tàtẹ̀yìnwá lọ, aṣọ tuntun ni. Ó fẹ́ kí Pírínsípà rí i pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ lòun, ó ní òun ò tíì kí ìyá òun. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì láìwo ibẹ̀, ó fa bébà kan, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lé e. Torí àlejò, ó pẹ́ nílẹ̀. Ó ń kí Màmá, ó ń kí ìdílé Màmá, ó ń kí àwọn tó ti kú nínú wọn.

Ó dìde. Pírínsípà wà láyà ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, láti irun dórí táì, ó doríkodò, ó ń fi ẹnu méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Ṣé èmi nìyẹn?" ni Pírínsípà béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà," ni tíṣà kan dáhùn. "Ẹnu yín méjèèjì ni mo fi dá yín mọ̀."

Ẹlòmíì á wálẹ̀ á wọ̀. Ẹnjiníà wo àyà ara ẹ̀, ó mi orí. Ó ní ẹ ò rí bó ṣe mú bí, pé ẹ̀rọ yẹpẹrẹ ò lè tẹ̀wé sára aṣọ. Ó jókòó lórí ríìmù tí Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ tò jọ, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Pírínsípà bá a ṣe ń yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ní ojú ń tanni jẹ, ọwọ́ ń tanni jẹ, etí nìkan ló dájú. Ó ní àwọn tó ń fi bébà dán ẹ̀rọ wò, ọpọlọ wọn ò tó ni. Nígbà tó yá, ó dìde kó lọ gbé etí lé ẹ̀rọ fún wọn rí. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Gbogbo ìdí ṣòkòtò funfun yẹn ti rin gbindin. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Tíṣà kejì wúkọ́. Pírínsípà, ẹni tó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti kékeré, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, irú èyí tó ń lò fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ṣé o fẹ́ jáde ni? O ò bá ti nawọ́."

Ẹnjiníà fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara ẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ o." Kò tíì sọ òótọ́ kankan níwájú mi rí àfi ìyẹn.

Àwa ń rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí ríìmù tí àna ẹ̀ jókòó lé, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Omi jáde. Ó ya ìdì ẹ̀, bébà inú ẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó wọ inú yàrá bébà lọ, a sì tẹ̀ lé e. Ó ní ká sún bébà kúrò lára ògiri.

Ọ̀pá amúlétutù ló yọrí sẹ́yìn bébà. Ibẹ̀ ló ti ń da omi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí gbogbo bébà wa ń mu ún láti ìdí. Bébà tó bá rin á fẹ̀. Tá a bá tẹ àwọ̀ kan sí i, á gbẹ díẹ̀, á súnkì, àwọ̀ tó tẹ̀ lé e á wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Íǹkì kì í sì í gbẹ lórí ohun tó tutù. Bàbá Àgbà ò ṣàìsàn ọjọ́ kan. Ká ní ríìmù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn bá wa dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ẹ̀rọ tuntun á ti kọ̀ ọ́ níbẹ̀, gbogbo wa á ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé.

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀yìn òun náà máa ń tutù tóun bá sùn níbẹ̀, òun rò pé òógùn iṣẹ́ ni.

A dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, gbogbo wa wá ń gbọ́ ọ. Tó. Tó. Tó. Kódà èmi tí etí mi ò mọ nǹkan kan gbọ́ ọ.

Màmá yíjú sí àna ẹ̀. Kò pè é ní ọkọ ọmọ mi bó ṣe máa ń pè é. "Ẹ ò gbọ́ eléyìí?"

"Mo gbọ́ ọ, Màmá," ni Ẹnjiníà wí. "Mo rò pé òjò ni."

Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, mo gbà. Ẹni tó da omi sẹ́yìn ògiri ńkọ́? Á jókòó lé e. Ohun tí etí ò bá gbọ́, ìdí á gbọ́ ọ.

Pírínsípà kó iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ilé ìtẹ̀wé kan tó wà ní òpópónà kejì ló gbé e fún, àwọn tó ra Bàbá Àgbà lọ́wọ́ oníṣòwò. Mo rí ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ètè wà lẹ́nu, táì wà lọ́rùn, ìbẹ̀rù ti padà sójú Pírínsípà. Mo fi han Ẹnjiníà. Ó gbé e yẹ̀ wò, ó ní ṣebí òun sọ ọ́, pé ooru ilé wa ni ò bá ẹ̀rọ yẹn lára mu.

Amúlétutù ṣì wà níbi tó wà, ẹlòmíì ló bá wọn yí ọ̀pá ẹ̀ síta. Ẹnjiníà ṣì wà lábẹ́ ẹ̀.

Aṣọ funfun kan ló pàdánù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó ẹ̀ sì ti fọ̀ ọ́, ó ti mọ́. Màmá ló ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́.